Okùn Pupa Lára Dísìkì Yín

Bàbá mi, Àfáà tèmi,

Mo kí yín láti inú yàrá yín ní Mamobi, ní Accra níbí. Ẹ má bínú pé mo gbé tábìlì kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Òjò ń ta sí kọ̀ǹpútà yín.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà ni mo bá wá. Linux ni ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ tuntun tí mo rí ń béèrè, Windows sì lẹ fi sílẹ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ ilé kéú tí ẹ gba ohùn yín sí. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní kí n nu gbogbo rẹ̀ kúrò. "Alata," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, "kí lo fẹ́ fi ẹrù àtijọ́ ṣe?" Mo rántí wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéú ń kọ ẹ̀kọ́ sí. Ẹ kì í jẹ́ kí a fọ wàláà tí ẹni tó ni ín kò tíì há sórí. Èmi kò sì tíì gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà láti ìgbà tí ẹ ti fayé sílẹ̀. Ohùn yín ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo lọ ra dísìkì kejì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú nǹkan sí, àlòkù, ní ọjà Agbogbloshie. Ẹ̀gbọ́n mi Rìsìkátù bá mi níbi tí mo ti tú ikùn kọ̀ǹpútà sílẹ̀. "Ìwọ àti àpótí Bàbá yìí! Ó ku kí ẹ so yìgì."

Bí ẹ ṣe máa ń so okùn pupa mọ́ wàláà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo so ó mọ́ dísìkì yín. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ, ó bi mí pé dísìkì wo ni kí òun nù kí Linux lè wọlé. Méjèèjì wà lójú rẹ̀, ìwọ̀n kan náà, orúkọ kan náà. Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì kí n tó rántí pé kọ̀ǹpútà kò rí okùn. Bàbá, ṣé ẹ rí mi? Mo pa á, mo yọ wáyà dísìkì yín, mo gbé e sórí ibùsùn yín, mo wá fi Linux sí èyí tó ṣẹ́ kù, nígbà tí kò sí òmíràn tó lè fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn náà ni mo dá tiyín padà. Ní báyìí, bí mo bá tan án, mo lè yan ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ń lọ. Kálukú ní yàrá tirẹ̀. Aago ọ̀dọ̀ yín ṣì fi wákàtí kan ṣáájú Accra, aago Ìsẹ́yìn, ìlú yín, tí ẹ kọ̀ láti yí padà. N kò fọwọ́ kàn án. Kí ló dé tí n kò bi yín rí bóyá ẹ fẹ́ padà sílé?

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ṣí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wúkọ́, ẹ bú ewúrẹ́ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ Fátíhà. Ẹ ka ẹsẹ kan, ẹ dákẹ́ kí ọmọ kéú lè tẹ̀lé yín. Kò sí ọmọ kéú kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ gba ohùn yín sílẹ̀. Mo dáhùn.

Ẹ tẹ̀ síwájú, bí ẹni pé ẹ gbọ́ mi.

Èmi ni, ọmọ yín, tó ṣì ń ka wàláà rẹ̀ lọ́wọ́.