Igi Tí Mo Bá Lábẹ́ Tọ̀rọ́tù

Bàbá mi, ẹ kú ojúmọ́. N kò fẹ́ jí yín. Ìkùukùu bo òkè, bí ẹni pé abúlé wa ń léfòó lójú ọ̀run.

Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo fọ asẹ́ epo, síbẹ̀ ọkọ̀ ògbólógbòó yìí ń gòkè bí ẹni ń rìn lójú àlá. Lánàá, ẹsẹ̀ ni èmi agbẹ̀bí fi parí ìrìn. Ọmọ Zehwa ti wáyé kí n tó dé. Ọlọ́run ló yọ Zehwa.

Láàárọ̀ yìí, Màmá bá mi fẹsẹ̀ tẹ tọ̀rọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré, èmi ń wo ẹ́ńjìnnì. Ìdajì ni ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń ṣí.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dópin!"

"Ó ti dópin, ọmọ yìí! Àbí kí n fi orí tẹ̀ ẹ́ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, mo bá igi ólífì pẹlẹbẹ kan tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń fá igi dán bẹ́ẹ̀. Màmá náà rí i.

Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Yuba ti já sí àfonífojì, mo mọ̀ pé eré ọkọ̀ ń já yín láyà. Ṣùgbọ́n mo ti yọ igi náà, torí àwọn aboyún ń retí mi.

Lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì mí nínú ọkọ̀, kí ẹ máa sọ ibi tó yẹ kí n ti rọra.

Ferruja