Omi Tí Mo Dà Sí Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Bọ̀dá Gbénga

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì dárí jì mí pé mo gbé bírò láti kọ̀wé sí yín. Mo mọ̀ pé ọmọ tí kò tíì lo ọdún kan ní Èkó kò tó ẹni tí ń di ìbànújẹ́ sínú ìwé ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá mi. Mo kí Màmá Àgbà. Ẹ kú ọyẹ́. Ǹ bá pè yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí fóònù yín bá ti dún, gbogbo àgbàlá ló máa ń bá yín gbọ́ ọ, torí ẹ ní bí kò bá pariwo ẹ kì í gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àgbàlá. Ìyá Ṣadé tó ń bọ̀ wálé lọ́la fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi rán.

Ara mi le, mo sì ń jẹun. Yàrá kan ṣoṣo ni Bọ̀dá Gbénga, àbúrò yín, ní ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí. Wọ́n ta aṣọ sí àárín rẹ̀, wọ́n ní ìhà tí fèrèsé wà ni kí n máa sùn. Kò sí ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa, ooru ni ṣáá, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì máa ń mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ni lára. Ìwé le, Màámi. Àwa obìnrin mẹ́ta péré ni à ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ní kíláàsì wa. Nígbà mìíràn mo máa ń mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n kí n tó dá ara mi lójú, ẹlòmíràn ti sọ ọ́. N kò tíì ní ọ̀rẹ́ tí mo lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí fún.

Pikọ́ọ̀pù tí Bọ̀dá ń wà kì í ṣe tiwọn. Ti Màdáámù ni, ìyá kan tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ Àgùdà, tó ń ra oúnjẹ lọ́pọ̀ ní ọjà Sandgrouse, tó ń kó o fún àwọn alásè òde ní Onikan. Ọkọ̀ náà kò tíì pé ọdún kan. Ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀. Ẹ kò ní gbàgbọ́ pé Bọ̀dá máa ń kí i ní àárọ̀ bí ẹni ń kí èèyàn.

Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi ní gáréèjì ní ọjọ́ tí mò ń bọ̀. Ẹ ní bí mo bá dé ọ̀dọ̀ èèyàn, kí n má jẹ́ kí wọ́n fẹnu rán mi ní iṣẹ́ tí ojú mi ti rí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ fèrè pikọ́ọ̀pù ní ìrọ̀lẹ́, mo ti ń gbé garawa omi sáré lọ sísàlẹ̀. Kí Bọ̀dá tó sọ̀kalẹ̀ tán, mo ti ń da omi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ sí. Omi náà a dún ṣìì, èéfín a sì rú díẹ̀. Mo rò pé bí ẹrẹ̀ Èkó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn ará ilé a máa yìn mí, wọ́n a ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí, ẹni tó bí i kò jìyà lásán.

Láìpẹ́ sí ìgbà tí mo dé, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn sókè nígbàkigbà tí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀. Bọ̀dá ní ìdí ń ro àwọn, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá gun ewúrẹ́ lọ sí Onikan. Mo yá géèjì lọ́wọ́ fọkanáísà tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa, mo fi wọn táyà. Atẹ́gùn tó yẹ ọkọ̀ tó kún fún àpò ìrẹsì ni fọkanáísà náà ń fọ́n sí táyà ẹ̀yìn lójoojúmọ́, ì báà ṣófo, ì báà kún. A tú díẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ sì rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Bọ̀dá ti ń pè mí ní Ẹnjiníà. Wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn alábàárù ní Sandgrouse. Inú mi dùn, Màámi. Dídùn inú yẹn ló tàn mí jẹ.

Nígbà tó yá, bí Bọ̀dá bá tẹ bíréèkì, pẹ́dà rẹ̀ a máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, sítíárì a sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Wọn kò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n ní kí ni àwọn ń wá lọ síbẹ̀ nígbà tí Ẹnjiníà wà nílé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ iwájú, n kò rí nǹkan kan. Ojú tì mí láti sọ pé n kò mọ̀. Mo ní páàdì bíréèkì ló ti jẹ tán.

Màdáámù ra páàdì tuntun, wọ́n fi í sí i, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbígbọ̀n náà fi padà. Màdáámù wá bi Bọ̀dá pé irú dírẹ́bà wo ló ń jẹ páàdì bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Wọ́n ní ṣé eré ìje ni wọ́n ń fi ìrẹsì àwọn sá ni. Bọ̀dá dáhùn pé àwọn kì í sáré. Pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ní yunifásítì ló wò ó, ọmọ náà kì í sì í purọ́. Bó bá ní páàdì ni, páàdì ni, àfi kí Màdáámù lọ bi ẹni tó ta ayédèrú fún wọn. Inú bí Màdáámù. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá ṣì ń gbọ̀n títí di Sátidé yìí, kí Bọ̀dá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn ti ń bẹ àwọn fún iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, olùkọ́ wa gbé dísìkì kan ka orí tábìlì, àwo irin tí páàdì máa ń fún mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró. Wọ́n fi rúlà lé e, ìmọ́lẹ̀ sì gba abẹ́ rúlà náà yọ. Wọ́n ní ó ti ká, irú rẹ̀ ló máa ń mú kí pẹ́dà àti sítíárì gbọ̀n. Wọ́n bi wá pé kí ló lè ká irin tó nípọn tó báyìí. Àwọn fúnra wọn ló dáhùn. Wọ́n ní dírẹ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú irin gbígbóná, àti ọmọ rere tó dúró dè é pẹ̀lú omi tútù. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ṣìì yẹn ni mò ń gbọ́ létí.

Mo délé pé mà á sọ ọ́. Bọ̀dá ń jẹun, wọ́n ti ya ẹran sọ́tọ̀ fún mi. Wọ́n ní bí mo bá di ọ̀gá, àwọn ni kí n fi ṣe dírẹ́bà, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́, kí n má gba Màdáámù sí ọ́fíìsì mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo jókòó, mo jẹ ẹran náà. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, yàrá yìí bọ́ nìyẹn, ilé ìwé mi náà sì lè bọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló ń jẹ́ kí n sunkún. Wọ́n ti fi ẹnu mi búra níwájú ọ̀gá wọn.

Ní àná, mo gbọ́ fèrè, n kò dìde. Mo rò pé bí n kò bá lè sọ̀rọ̀, ó kéré tán n kò ní í ba nǹkan jẹ́ sí i. Bọ̀dá gòkè wá, wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí mi, wọ́n ní ṣé ibà ni, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, ìwé fẹ́ẹ́ pa mí. Wọ́n gbé garawa náà fúnra wọn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Mo fẹ́ kígbe pé kí wọ́n dúró kí irin náà tutù. Mo fi aṣọ borí, Màámi. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣìì, ṣìì, wọ́n sì ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́.

Òní Ọjọ́rú ni mò ń kọ èyí. Mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn lọ sílé Màdáámù kó tó di Sátidé, kí n kúnlẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì. N kò mọ̀ bóyá ẹnu mi máa là. Ẹ má rò pé ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ mi kò dára. Èmi ni n kò béèrè bóyá nǹkan gbóná kí n tó da omi lé e.

Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún mi. Ẹ ó jẹ èrè ọmọ, iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ní í dójú tì yín. Ẹ bá mi kí Tóbi àti Ẹniọlá, kí ẹ sì bá mi kí ìyá ìjọ àti gbogbo ará ilé. Bí ẹ bá ka lẹ́tà yìí tán, ẹ fi í sáàárín Bíbélì yín, ẹ má fi han bàbá mi. Bí Bọ̀dá Gbénga bá pè yín, tí wọ́n tún ń yìn mí pé Ẹnjiníà ni mò ń ṣe nílé àwọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Fèyíṣayọ̀