Àtàǹpàkò Mẹ́tàdínlógún Ní Kí Àdùnní Sáré

Agboolé Onígbàjámọ̀,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì, ọdún 1986.

Gàfárù Àjàní, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ jí ní Bódìjà, ìwọ àtìyàwó rẹ? Ọlọ́run á máa mú ọ lọ Dùgbẹ̀, á sì máa mú ọ bọ̀, ọ̀gá rẹ kò ní kanra mọ́ ọ. Ara mi le, ewúrẹ́ wa ti bí méjì. Ràfátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má bá mi fi ṣúgà sí i, torí inú ń bí mi.

Ẹ̀rọ etí tí o rà fún Àdùnní ọmọ rẹ kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, mò ń tọ́jú rẹ̀. Èmi náà fi í sétí wò, mo retí ìròyìn títí, wọn ò kà á. Bátìrì rẹ̀ tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, àràárọ̀ ni mò ń sá a sóòrùn bíi ti rédíò. Adìyẹ ti gbé ọ̀kan mì, a ò sì tíì mọ adìyẹ wo ni.

Fọ́ọ̀mù tí o fi rán dẹ́rẹ́bà ti dé. Ràfátù kà á fún mi pé o ní kí ọmọ má bá wọn ṣeré ìdárayá nílé ìwé mọ́, torí kò lè gbọ́ fèrè, kó máa jókòó sábẹ́ igi, kí èmi sì tẹ̀ka sí i. Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ fèrè ni?

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kọ̀rọ̀ ló máa ń jókòó sí, á máa wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo bá lọ bá tísà wọn lórí pápá, mo ní bó bá ti ń fọn fèrè, èmi á máa ju gèlè mi sílẹ̀ kí Àdùnní lè rí i. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣí orí sílẹ̀ nínú oòrùn, ó fọn fèrè, mo ju gèlè, háà, Àjàní, ọmọ rẹ fò bí ehoro! Ipò kejì ló ṣe, ẹni tó sì ṣe ìkíní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hu irungbọ̀n. Láti ìgbà náà ló ti ń jẹun, tó ń sùn, tó ń yan ọ̀rẹ́. Ó tiẹ̀ lu ọmọ Mùsílímátù aládùúgbò wa. Mo bá a wí, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Nítorí náà mo tẹ̀ka. Mo ní kí Ràfátù kọ ọ́ gàdàgbà sójú fọ́ọ̀mù náà pé kí Àdùnní máa sáré, mo wá gbé e yí agboolé ká, torí ìjọba kì í ta ìwé tí ìka bá pọ̀ lára rẹ̀ nù. Àwa mẹ́rìndínlógún la tẹ̀ ẹ́. Lèmọ́mù tẹ ọ̀tún, ó tẹ òsì, ló bá di mẹ́tàdínlógún. Tàdáwà tán, èédú ìdí ìkòkò la fi parí rẹ̀. Ó ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé.

O ní o ń bọ̀ wá mú Àdùnní lọ ní Sátidé. Máa bọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni eré ìje wọn. Bó o bá fẹ́ fà á kúrò lórí ìlà, èmi ni wàá kọ́kọ́ fà, mo sì wúwo.

Fi owó bàtà kánfáàsì ránṣẹ́ ṣáájú, àti ti bátìrì, àti ti gèlè pupa kan tó ṣe é rí lókèèrè, torí tèmi ti fàya.

Lánàá, Àdùnní fọwọ́ bi mí pé ta ló ní kí òun má sáré. Mo fọwọ́ dá a lóhùn pé n kò mọ̀ ọ́n. Àjàní, má jẹ́ kí n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ni.

Ayé kò ní ní kí ìwọ náà jókòó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ bá ń sáré. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Zùwáírátù.