Mo Da Omi Sí Igi Orogún Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí. Ìlọfà ni mo ti ń kọ̀wé.

Orogún mi, ẹ jẹ́ ká pè é ní Kaothar, fi amọ̀ mọ ààrò tó ní ihò tí èéfín ń gbà jáde. Igi gbígbẹ díẹ̀ ló fi ń dáná, ọbẹ̀ rẹ̀ á sì tètè jinná. Ni ọkọ wa bá ń jókòó tì í ní ìdáná. Tèmi, èéfín ń ta mí lójú, mo sì ń jowú.

Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, mo yọ́ da omi sí gbogbo igi rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó ní, "Ìyáálé mi, òjò ti pa igi mi. Ẹ kó tiyín wọlé o. Mo ti po amọ̀ tí màá fi mọ ààrò fún yín."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un?