Igi Orí Ibojì Àbúrò Rẹ

Àkọ́bí mi,

Igi orí ibojì àbúrò rẹ ti kó àrùn tí ò ń ṣèwádìí rẹ̀ yẹn. Mo ti sọ ọ́. Má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí ọ, mo mọ ara mi, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ, mo máa kí ọ títí bébà yóò fi tán ni, mi ò sì ní lè sọ ọ́ mọ́. Ó yá, ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí àárẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ níbi iṣẹ́, ibi tí wọ́n bá ti ń ka orúkọ àwọn tó yege, wọn ò ní fo tìrẹ. Àmín.

Àǹtí rẹ tó ń ránṣọ kí ọ. Ó ní òun ò lóye ẹni tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé tán tó tún wà lábẹ́ ọ̀mọ̀wé mìíràn, àbí o fìdí rẹmi tí o ò fẹ́ kí a mọ̀ ni. Mo ní rárá o, o dà bí ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ parí ṣùgbọ́n tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù, tó ṣì ń lo máṣìnì ọ̀gá. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn báyìí.

Ewé igi náà ló kọ́kọ́ ń pọ́n lápá kan. Mo ní ooru ni, mo sì ń bomi sí i láràárọ̀. Nígbà tó yá ni olú hù yí ìdí rẹ̀ ká. Bàbá rẹ fi ọ̀bẹ ṣí èèpo rẹ̀ díẹ̀, ohun funfun bí òwú ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí o ṣe júwe rẹ̀ nígbà tí o wálé gẹ́lẹ́. Ó dá èèpo náà padà síbi tó wà, ó rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń daṣọ bo ọmọ.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Mi ò sún mọ́ ọn púpọ̀, torí o ní ẹ̀rọ yín máa ń sọ ohun tí ojú ò rí di ńlá, mo ní ẹ óò sọ ọ́ di ńlá lọ́hùn-ún. Àmì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá di búlúù. Mo rò pé èsì àyẹ̀wò nìyẹn, mo lọ bá ọmọbìnrin tó ń ta káàdì fóònù pé kó bá mi túmọ̀ búlúù. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o ti rí i. O ò tíì fèsì, ṣùgbọ́n mi ò bá ọ wí.

O tún ní ìbátan ebu ara búrẹ́dì ni àrùn náà. Búrẹ́dì ò wọlé wa mọ́ láti ìgbà yẹn, bisikíìtì ni bàbá rẹ ń jẹ, ó ń kùn bí oyin.

Káfíńtà tó múlé tì wá ti rí i. Ògiri lásán ló wà láàárín wa àti àwọn igi ọsàn rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní ṣé òkú wa ló máa pa igi òun ni. Ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ, ó ní ẹnu yẹn á kó bá a lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n ọsàn yẹn ló fi ń rán ọmọ níwèé, ìwọ náà lo sì sọ pé láti gbòǹgbò dé gbòǹgbò ni àrùn náà ń rìn, pé ká gé igi, ká hú gbòǹgbò rẹ̀ tán, ká sun ún. Bàbá rẹ ti ránṣẹ́ pe agégi. Ó ní ọmọ tí a rán níwèé, bí a ò bá gbọ́ tirẹ̀, kí la rán an lọ ṣe?

Ṣùgbọ́n gbòǹgbò yẹn ti wọnú ibojì lọ. Mo ka ìwé girama débi tí mo fi mọ ohun tí gbòǹgbò ń jẹ. Ìwọ lo gbìn ín, o kéré nígbà náà, èmi gan-an ò tíì dàgbà, a jọ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọkọ́ má lọ kan ohun tí mi ò gbọdọ̀ rí lẹ́ẹ̀kejì.

O ní àrùn náà kì í dúró sójú kan, pé ìran dé ìran ló ń yí padà, tó ń kọ́ ọgbọ́n tí yóò fi borí igi. Mo wá ní ohun tó lè kọ́ ibi lè kọ́ ire, ká fún un láyè díẹ̀. Bàbá rẹ ní o sọ fún òun pé ó lè gba ẹgbẹ̀rún ọdún, káfíńtà ò sì ní dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, o mọ ìyá tó bí ìyá àrùn yìí. Ṣé kò sẹ́ni tó ń kọ́ bí a ṣe ń bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ yẹn ni?

Bàbá rẹ ní kí n béèrè owó àwọn tó máa hú gbòǹgbò lọ́wọ́ rẹ. Mo ti jíṣẹ́. Má fi ránṣẹ́ ná. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá a lè gé e mọ́lẹ̀, kí gbòǹgbò dúró síbi tó wà, ká wa kòtò yí i ká kó má bàa kọjá sọ́dọ̀ káfíńtà. Bí kò bá ṣeé ṣe, sọ pé kò ṣeé ṣe. Èmi ni kí o sọ ọ́ fún, kí n lè lọ jókòó sọ́dọ̀ àǹtí rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń hú u.

Ọlọ́run tó dá ọ sí fún mi yóò dá ọ sí dalẹ́. O ò ní fọwọ́ ara rẹ sin ọmọ.

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí ni agégi ń bọ̀, nítorí náà màá ya bébà yìí ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Jọ̀wọ́, fèsì kó tó dé.

Ìyá rẹ