Ọwọ́ Òsì Tavita

Màmá mi,

Ìgò kùkúmbà kíkan tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Nebraska ti dé, mo sì jókòó jẹ́ẹ́ sínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kọ lẹ́tà yìí. Ẹ má gbọ́ tàwọn oníròyìn pé mo ṣubú lé ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ la fi ń ti ọ̀tá sẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tá à ń gbá, ọwọ́ náà la fi ń hán bọ́ọ̀lù. Tèmi le koko.

Ọ̀la ni wọ́n máa dá àwọn agbábọ́ọ̀lù tó pọ̀jù nínú ẹgbẹ́ padà sílé. Èmi àti Tavita Leota, ọmọ Samoa kan, la jọ ń du ipò kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára mi. Láàárọ̀, nídìí oúnjẹ, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Wendell, ẹ jẹ́ n bá yín ṣí ìgò yẹn.”

“Kí ló ṣe ọwọ́ mi?”

“Ṣé mo ní ó ṣe nǹkan ni? Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù.

Ni ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù wọlé, ó ń bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe kù díẹ̀ kó kàn mí, Tavita da kọfí sórí tábìlì. Ọ̀gá fò sẹ́yìn, ó sì kọjá lọ. Ṣé àánú ni, àbí Tavita ń tọ́jú ọ̀rọ̀ mi de ọ̀la? Bá a ṣe ń jáde, ó nawọ́ sí mi. Ọwọ́ òsì ló nà, kí n lè fi òsì tèmi bọ̀ ọ́.

Ẹ bá mi kí Ludmila àbúrò mi. Bí lẹ́tà mi bá wọ́, ọkọ̀ ló ń gbọ̀n.

Wendell yín