Gbárìyẹ̀ Bọ̀dá Mi Ni Mo Fi Rán Sòkòtò Bóńgò

Mo ti gé e, kò sì ṣeé lẹ̀ padà mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, bóyá mo jẹ̀bi kọ́ ni mò ń bi yín o, ìyẹn ti kọjá. Gbárìyẹ̀ kíjìpá tí màmá wa fi ọwọ́ ara wọn hun fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ki sísọ́ọ̀sì bọ̀, tí mo fi rán sòkòtò bóńgò fún ara mi, irú èyí tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ gbàgà tó ń gbálẹ̀ kiri yẹn. Ó bá ìdí mi mu. Tí mo bá bọ́ ọ sílẹ̀ pàápàá, díẹ̀ ló kù kó dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ ṣáà mọ bí kíjìpá ṣe máa ń le... Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́, òun ló ń jẹ mí lọ́kàn, òun ni mo sì fẹ́ tú síta fún yín.

Ọdún tí bọ̀dá mi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni Màmá hun aṣọ náà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìfọ̀. Wọ́n rẹ ẹ́ láró, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ránṣọ fún ọmọ: wọ́n rán an tóbi, wọ́n wá ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, pé bí ọmọ bá ṣe ń ga, àwọn á máa tú ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ó wọ̀ ọ́ lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í bóyá oko ló ti ń bọ̀, ó dé ní ọlidé àkọ́kọ́, ó ní aṣọ náà ń yún òun lára, ó jù ú sínú àpótí, ó parí. Bọ̀dá ga, bọ̀dá sanra, bọ̀dá di ọ̀gá ní ófíìsì kan l'Ékòó, táì kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ wẹ̀... kò sẹ́ni tó tú ìṣẹ́po kankan. Ọdọọdún ni Màmá ń pààrọ̀ káńfọ̀ inú àpótí. Ọdún méjìdínlógún!

Èmi, tíṣà ni mí ní Ìbàfo. Mo lọ sí yunifásítì, mo gbàwé ẹ̀rí, ohun tí mo sì rí kó bọ̀ níbẹ̀ kò ju pé kí n máa rí àléébù gbogbo èèyàn lọ. Nígbà tí mo wálé ní ọlidé tó kọjá, Màmá ń sá aṣọ náà sóòrùn. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà pé èyí ì bá mà di bóńgò gidi. Màmá wò mí... wọ́n wo aṣọ... wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n lọ mú abẹ wá. Ohun tí mò ń fi pamọ́ nìyẹn! Màmá fúnra wọn ló tú ìṣẹ́po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ́sàn-án gangan, lójú mi. Ara aṣọ ti ṣá nítorí oòrùn ọdọọdún, ṣùgbọ́n inú ìṣẹ́po dúdú minimini bí ọjọ́ tó jáde nínú ìkòkò aró. Ibẹ̀ gan-an ni mo fi ṣe ẹnu ẹsẹ̀ bóńgò mi. Wọ́n tú ẹlẹ́ẹ̀kẹta tán. Wọ́n wá ní, "Má sọ fún un pé èmi ni o. Á rò pé mi ò retí òun mọ́." Mo búra fún wọn.

Ta ló mọ̀ pé àṣà ìbílẹ̀ máa di fáàrí l'Ékòó? Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ńláńlá ló ń gbé igbá àti agbọ̀n kọ́ ògiri páálọ̀ báyìí. Bọ̀dá mi tí kíjìpá ń yún lára ti ń sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ pé inú kíjìpá ni wọ́n bí òun sí. Ló bá lọ kan fírémù onígíláàsì fún gbárìyẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn mọ́tò, ó di Ìfọ̀. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un, mo kúnlẹ̀ kí i nínú bóńgò mi. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ o: "Ẹ̀n-ẹ́n, tíṣà! Aṣọ gidi nìyí! Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti kó o wá, àbí? Kò jọ tibí." Mo ní ẹ ṣeun, bọ̀dá mi. Ó wọlé, ó ṣí àpótí, òórùn káńfọ̀ nìkan ló pàdé rẹ̀. Ó yíjú padà, ó wo ẹsẹ̀ mi láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó rọra jókòó sórí àpótí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí tán! Mo di olè, mo di ọ̀bàyéjẹ́, mo di obìnrin tó ń wọ sòkòtò. Màmá jókòó síbẹ̀, ọwọ́ wọn wà lábẹ́ ìró, ojú wọn ń bẹ̀ mí... mo pa ìbúra mi mọ́.

Bàbá wa ti kú. Bọ̀dá ni dáwódù, òun ló yẹ kó jókòó sípò bàbá lọ́jọ́ tí àwọn ará ilé ọkọ mi bá ti Mowé wá ṣe ìdána. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ó ti kéde fún gbogbo mọ̀lẹ́bí pé òun ò ní yọjú, àfi tí mo bá kúnlẹ̀ níwájú wọn, kí n jẹ́wọ́ pé mo jalè, kí n sì rán gbárìyẹ̀ náà padà bó ṣe wà. Kí n rán kí ni padà? Ṣé kí n tú u di òwú ni, kí n lọ so ó padà mọ́ orí igi? Wọ́n ní fírémù náà ṣì ṣófo ní páálọ̀ rẹ̀. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé táì rẹ̀ sínú rẹ̀. Mo mọ̀, ìyẹn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè rọlẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi ní kí n ṣáà kúnlẹ̀, pé ìṣẹ́jú kan péré ni, ṣé ilẹ̀ máa jẹ mí lórúnkún ni? Àbúrò bàbá wa kan ní òun á jókòó sípò bàbá, bọ̀dá sì ní tó bá jókòó, òun ò tún ní fẹsẹ̀ tẹ ilé yẹn mọ́.

Mi ò ní kúnlẹ̀ fún olè tí mi ò jà. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ òótọ́, mo da Màmá. Tí mo bá dákẹ́, olè ni mí lójú àwọn àna mi. Tí mo bá jẹ́ kí àbúrò bàbá wa jókòó, Màmá pàdánù ọmọ tí wọ́n fi ọdún méjìdínlógún pààrọ̀ káńfọ̀ dè. Èwo ni kí n ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ sọ èyí tó bá wù yín, ẹ má ṣáà ní kí n bọ́ bóńgò mi, torí òun ni màá wọ̀ lọ́jọ́ ìdána. Mo tiẹ̀ dán an wò níwájú Màmá lánàá. Wọ́n yí mi ká, wọ́n fa ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí n bọ́ ọ wá, àwọn fẹ́ ṣẹ́ ẹ po díẹ̀ nísàlẹ̀, bóyá mo ṣì máa ga. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo bọ́ ọ fún wọn... Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ìyá báyìí nílé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?